Nígbà Tí Àwọn Ìyá Pààrọ̀ Ìsọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣì kéré, n kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Òkè-Odò, àdúgbò wa ní Odode, àti àwọn ti Ìdí-Iyeyè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò lu ara wọn. Orí bọ́ọ̀lù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní Ìdànrè, ẹnikẹ́ni kì í wá òkúta tì. Òkúta wọn pa ẹ̀gbọ́n mi, Akíndélé. Òkúta tiwa fọ́ ojú kan fún Ràfíù, ọmọ oníyọ̀ wọn. Ọjọ́ kẹta tí a sin Akíndélé ni Akinṣọlá tó tẹ̀ lé e ti ń kó àfọ́kù ìgò sínú àpò kòkó.

Yèyé mi rí àpò náà. Pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, ó gba ilé Ìyá Ràfíù lọ. Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé ìjà ló fẹ́ lọ jà.

“Ìyá Akíndélé, ṣé o wá bú mi ni?”

“Ìsọ̀ rẹ ni mo wá tọrọ. Lọ jókòó síbi tèmi, kí n jókòó síbi tìrẹ.”

“Kí wọ́n lè sọ ọ́ lókò pa?”

“Ta ló máa sọ mí lókò? Ọmọ tèmi ló ń bọ̀ wá jà níbí. Ọmọ tìrẹ ló máa lọ jà lọ́hùn-ún.”

Ìyá Ràfíù fún un ní àga. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àwọn ará àdúgbò yín mà láhun o. Wọn á gba ènì títí iyọ̀ mi á fi tán.” Yèyé mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ látọjọ́ ìsìnkú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yèyé mi ń sun ní ìsọ̀ Ìyá Ràfíù ní Ìdí-Iyeyè nígbà tí Akinṣọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé.

“Yèyé, ẹ dìde níbẹ̀.”

“Mò ń tajà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Bí o bá fẹ́ ju ìgò náà, jù ú. Ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní dìde kí o lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ Káyọ̀dé tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ ń bọ̀ wá jókòó tì mí lọ́la.”

Akinṣọlá gbé àpò ìgò náà sílẹ̀. Ó jókòó ti yèyé mi, ó sì bú sẹ́kún. Kò tíì sunkún látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú.

Ìjà náà ò parí lọ́jọ́ kan. Àwọn ìyá mọ́kànlá ló pààrọ̀ ìsọ̀, mo lè ka orúkọ gbogbo wọn fún yín. Kí kòkó ọdún náà tó pọ́n, òkò ti dáwọ́ dúró.

Ayé ti yí báyìí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó gun ọ̀kadà yìnbọn pa ọmọ ọmọ mi ní àdúgbò yìí kan náà. Àwọn ènìyàn ní kí n gbà fún Ọlọ́run, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni pé a ò mọ ìyá àwọn ọmọ tó ń jà mọ́. Ilé tó fara ti tèmi pàápàá, n kò mọ ìyá tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi, tí mo ń wọlé kiri. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ti wọ ilé mẹ́rìnlá. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bi ọmọ tó bá ṣílẹ̀kùn: “Kí lorúkọ ìyá rẹ? Pè é wá fún mi.”