Ọdún Kejì Linnea

Níbi oúnjẹ ọdún Ìdúpẹ́ lóṣù Kọkànlá ni ọ̀rọ̀ Marlys Hoekzema àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Kurt ọmọ rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ epo lọ sí North Dakota, ó lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Dípò kí Marlys bínú sí ọmọ tó bí, Tessa ìyàwó ọmọ ló bínú sí. Lójú gbogbo ẹbí, tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ó ní ọ̀lẹ obìnrin tí kò mọ ilé tọ́jú ló lé ọkọ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Tessa ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé Marlys. Ó gbé Linnea ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, ó sì búra pé ìyá àgbà yìí ò ní fojú kàn án mọ́.

Àmọ́ Marlys kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń tilẹ̀kùn mọ́ kó lọ sùn. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, nígbà tó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Mọntẹsórì, tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ń wá ẹni tí yóò máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì Linnea gan-an, ó gbaṣẹ́ náà. Tessa fárígá, ó pariwo, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i, torí kò sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó láàyè nílùú wọn. Corinne, olùkọ́ kíláàsì náà, wá ṣòfin: nínú yàrá yìí, Àǹtí Marlys ni, kì í ṣe màmá àgbà ẹnikẹ́ni. Marlys gbà. Kò sí ibòmíràn tó ti lè rí ọmọ náà.

Ìgbà ìwọ́wé dé. Àwọn ọmọ ń ṣa ewé pupa nínú ọgbà, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ elégédé, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ gidi gé ápù. Nínú kíláàsì yẹn, ẹnikẹ́ni kì í ran ọmọ tí kò bá bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í já lu ọmọ tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ àgbàlagbà. Ọwọ́ Marlys máa ń yún un, ó sì ń kó o pa mọ́ sápò. Ẹnu rẹ̀ ni kò rí ibi kó pa mọ́ sí.

Òun ni Corinne ní kó máa kọ ìròyìn kíláàsì tó ń lọ sórí ímeèlì àwọn òbí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ gbọ́ nǹkan tí obìnrin yìí kọ sábẹ́ fọ́tò: “Linnea gé ápù rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gé e nìyẹn nídìílé bàbá rẹ̀.”

Tessa fèsì, ó sì rí i dájú pé gbogbo òbí ló rí i: “Ẹ bá mi sọ fún akọ̀ròyìn yín pé látìgbà tí bàbá náà ti sá lọ, ìdílé rẹ̀ ò fi èèpo ápù lásán ránṣẹ́.”

Bàbá ọmọ kan wá béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé ṣé wọ́n ṣì lè di ẹ̀pà fọ́mọ wá.

Corinne pe Marlys sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Irú ẹ̀ kan ṣoṣo sí i, Marlys, ilé lẹ máa jókòó sí.”

“Kí ni mo sọ? Ápù ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀.”

“Ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ sọ.”

Ọjọ́ ìbí Linnea bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé wọ́n á tan àbẹ́là sáàárín, ìyẹn ni oòrùn. Gbogbo ọmọ á jókòó yí i ká. Ọlọ́jọ́ ìbí á gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya ayé sí lọ́wọ́, á fi yí oòrùn náà ká lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò, bó bá sì ṣe ń rìn, òbí rẹ̀ á máa sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn. Tessa wá, ó mú Devin, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tuntun, dání. Marlys ló ṣáná sí àbẹ́là. Kò kí wọn, wọn ò sì kí i.

Linnea gbéra, ó rọra ń ṣẹsẹ̀.

“Lọ́dún kìíní,” Tessa sọ, “Linnea hu eyín, ó sì gé ajá jẹ.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

“Lọ́dún kejì, a ń gbé nílé ẹnì kan. Ibẹ̀ ni Linnea ti kọ́ ìrìn.”

Ilé ẹnì kan! Marlys tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ kí wọ́n lè ríbi sùn! Láti ìdí fíríìjì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, orúnkún Marlys ló sì wá dì mú.

“Ilé mi ni,” Marlys sọ ọ́ síta ketekete. “Sọ ọ́ fún wọn, Tessa. Ilé mi ni, orí bẹ́ẹ̀dì mi lo sì sùn sí.”

“Mo mọ̀,” Tessa dáhùn. “Kò sọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò rán mi létí.”

Devin gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọjọ́ ìbí ọmọ la wà.”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ọdún kejì la ṣì wà. Ìwọ ò tíì wọ ìtàn.”

Linnea ti dúró. Ó gbá ayé mọ́ àyà, ó ń wo Marlys. “Àǹtí Marlys,” ó sọ, “mò ń ṣiṣẹ́ mi.”

Ọmọ kékeré kan fọwọ́ bo ẹnu, torí ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá níbẹ̀ mọ̀ pé èèyàn ò gbọdọ̀ já lu iṣẹ́ ẹni. Corinne dìde. Ó kàn nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, Marlys sì jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọdún kẹta àti ìkẹrin láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Corinne jáde sí i. “Ẹ má wá lọ́la,” ló wí. “Ẹ má wá mọ́.”

Marlys ṣì ń bá bọ́tìnnì kóòtù jà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Linnea jáde wá, ápù tó gé fúnra rẹ̀ wà lórí àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pín in fún gbogbo èèyàn. Tessa tẹ̀ lé e.

“Ṣé ẹ máa jẹ ápù, Àǹtí Marlys?”

Marlys kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. “Mi ò kì í ṣe Àǹtí mọ́. Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. O lè pè mí ní Màmá Àgbà báyìí. Wá, jẹ́ n gbá ẹ mọ́ra.”

Ó wojú Tessa, ó ń retí kó sọ̀rọ̀ kí òun lè rí nǹkan fi bú u. Tessa wojú Linnea. Ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fọ́mọ.

Linnea nà ró ṣánṣán, ó sì wò ó lójú. “Rárá. Ẹ ṣeun.”

Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà bí èèyàn ṣe ń kọ nǹkan tí kò fẹ́: kó wojú ẹni, kó sọ pé rárá, kó dúpẹ́, kò sì sí àgbàlagbà tó gbọdọ̀ béèrè ìdí. Marlys fúnra rẹ̀ ló jókòó ti Linnea lóṣù Kẹsàn-án, tó ń mú un sọ ọ́ ní àsọtúnsọ títí kò fi sorí kọ́ mọ́ tó bá ń sọ ọ́.

“Ó dáa,” Marlys wí, bí àgbàlagbà ṣe gbọdọ̀ dáhùn. “O ṣé tó o sọ fún mi.”

Ó mú ẹyọ ápù kan lórí àwo, torí ọmọ náà ṣì nà án sí i. Linnea sì gbé àwo lọ bá ẹni tó kàn.