Bí Ojúlòṣùwọ̀n Ṣe Gé Kọ́tìnì Ilé Tí Kò Tíì Rà

Ẹni tí kò bá mọ Ojúlòṣùwọ̀n, aránṣọ tó ń gbé òkè ilé búrẹ́dì, kò tíì mọ ohun tí ojú ọmọ ènìyàn lè ṣe. Ọkùnrin yìí kì í fi tépù wọn ènìyàn. Bí o bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, kí o tó dé ìkòríta, ó ti mọ gígùn ẹsẹ̀ rẹ, ó ti mọ ìbàdí rẹ, ó sì ti mọ èyí tó gùn jù nínú apá rẹ méjèèjì. Apá ènìyàn kì í kúkú dọ́gba; bí o bá ń jiyàn, lọ wọ̀n ọ́n. Ó rán kóòtù fún ọkùnrin kan tí kò fojú kàn rí, ikọ́ rẹ̀ nìkan ló gbọ́ lẹ́yìn ògiri, kóòtù náà sì bá a mu wẹ́kú. Kóòtù ọ̀hún ṣì wà láyé títí di òní. Oníkọ́ ni kò sí mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fi gbé yàrá méjì lókè ilé búrẹ́dì náà. Ààrò tó wà nísàlẹ̀ ń yan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyẹ̀fun ń gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá bí ẹni pé òun náà ni wọ́n fi yàrá fún. Bí Ojúlòṣùwọ̀n bá rán ṣòkòtò dúdú tán, kí ó tó gbé e kọ́ sára ìṣó, ṣòkòtò ti funfun. Àwọn oníbàárà a gbọn aṣọ wọn pọ̀ọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn a ní aṣọ tuntun ti hu ewú.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó wọ ilé Tíṣà, orí rẹ̀ wú. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fẹ́ ta ilé rẹ̀ kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ilé náà ní fèrèsé márùn-ún. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń ya wọ̀ bí omi, tí aránṣọ lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níbẹ̀ láì fún ojú pọ̀. Ojúlòṣùwọ̀n dúró láàárín yàrá yẹn, ó rí ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ yóò wà, ó rí ibi tí oníbàárà yóò jókòó. Ọkàn rẹ̀ ti kó wọlé, ara rẹ̀ nìkan ló kù.

Láti ibẹ̀ ló ti ṣe ohun méjì tí ẹni tí kò tíì ra ilé kì í ṣe. Ó lọ bá oníbúrẹ́dì, onílé rẹ̀, ó ní òun yóò kó jáde ní ìparí oṣù, kó tọ́jú ìyẹ̀fun rẹ̀ dáadáa. Oníbúrẹ́dì kò bẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti bá agẹrun kan ṣàdéhùn yàrá. Lẹ́yìn náà ni Ojúlòṣùwọ̀n ra aṣọ, ó gé kọ́tìnì fèrèsé márààrún. Ojú ló sì fi wọ̀n wọ́n.

"Ẹ ti gé e?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Obìnrin yìí ló ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé.

"Mo ti gé e, mo ti rán an, mo sì ti lọ̀ ọ́."

"Kọ́tìnì ilé tí a ò tíì rà, olówó orí mi?"

"Ilé tí a máa rà ni. Tíṣà ti fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Tíṣà ló ń tà á. Ta ló máa ní ọjà òun ti bà jẹ́?" Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórí àga kó tó jókòó. "Níbi iṣẹ́ wa, dókítà kì í kọ oògùn fún aláìsàn kó má wo inú káàdì ẹ̀. Mo ti bá ayẹ̀léwò kan sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn. Ó máa yẹ ilé wò láti orí páànù dé ìpìlẹ̀, gbogbo ohun tó bá rí ló máa kọ sínú ìwé fún wa. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀."

"Kí ló fẹ́ rí tí ojú tèmi ò rí?"

"Ohun tí ẹ ò fẹ́ rí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ojúlòṣùwọ̀n lára bí abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú ibùsùn. Bó bá jókòó, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Bó bá dìde, kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń rìn kọjá níwájú ilé Tíṣà, yóò wo òrùlé, yóò wo ògiri, yóò sì ṣe bí ẹni tó ń lọ ra òwú, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà òwú. Ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó rán ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò kan sí ọ̀tún. Oníbàárà wọ̀ ọ́ jáde, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ayẹ̀léwò dé, obìnrin kúkúrú kan tó gbé àkàbà léjìká, tó ní tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ àti ìwé pélébé lápò. Ó mú igi gbọọrọ kan dání tí omi wà nínú gíláàsì àárín rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dọ́gba. Ó kí gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi tó bá yà, ibẹ̀ ni Ojúlòṣùwọ̀n yà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ mi."

"Ọmọ mi, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ò ń kọ síbẹ̀ yẹn ni."

"Mo kọ ọ́ pé bàbá kan ń mí sí mi lọ́rùn."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Obìnrin náà gun òkè àjà, ó ń rákòrò kiri níbẹ̀ títí wọ́n fi ń gbúròó rẹ̀ bí eku ńlá. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òwú aláǹtakùn ti di fìlà sí i lórí. Ó ní páànù dára. Ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, ó dúró tì wọ́n, ó ń wo bí omi ṣe ń lọ. Ó ní omi dára. Ó wo wáyà iná, ó ní kò burú. Gbogbo ìgbà tó bá ní nǹkan dára, Ojúlòṣùwọ̀n a ga sí i ní ìka kan. Nígbà tó fi máa ku yàrá ẹ̀yìn nìkan, ó ti ga tó láti fi orí kan àtẹ́rígbà.

"Ṣé ẹ rí i?" ló ní. "Ẹ jẹ́ kí ilé wọ aṣọ ẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti tú àpò rẹ̀, ó ti wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì ti fi kọ́tìnì kan kọ́ sára ọ̀pá fèrèsé tí Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kọ́tìnì gígùn ni, èyí tó yẹ kó kan ilẹ̀ rẹ́gí. Ó fẹ̀yìn rìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó wò ó.

Lápá òsì, ìṣẹ́tí kọ́tìnì kan ilẹ̀. Lápá ọ̀tún, ó dá dúró lókè. Ìka mẹ́rin lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì fara kàn án.

Tíṣà, tó fara ti ilẹ̀kùn, bú sẹ́rìn-ín.

"Ojúlòṣùwọ̀n! Òní lojú fọ́! Ẹ wo bó ṣe wọ́, bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíì láìdáa. Ọjọ́ ogbó ti dé o, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ mú un lọ sílé, kẹ́ ẹ tún un gé."

Ooru mú Ojúlòṣùwọ̀n ju ti orí ààrò lọ. Bó bá jẹ́ pé kọ́tìnì ló wọ́, a jẹ́ pé ilé dára. Òun yóò kó wọlé ní ìparí oṣù, òun yóò jókòó nínú ìmọ́lẹ̀, yẹ̀yẹ́ díẹ̀ ni yóò sì ná an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kọ́tìnì gún... Kò fẹ́ parí ìyẹn. Ó la ẹnu láti sọ pé ọwọ́ ló yẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹ̀yìn eyín. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ayẹ̀léwò ń wò ó. Ahọ́n tó ti fi ọgbọ̀n ọdún yin ojú, báwo ni yóò ṣe bú u lójú ènìyàn mẹ́ta?

Ó lọ já kọ́tìnì kalẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí àpótí. Ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ta ló ní tépù?"

Ayẹ̀léwò na tirẹ̀ sí i. Ó wọn etí òsì, ó wọn etí ọ̀tún. Ó tún wọn ọ̀tún, ó tún wọn òsì. Wọn kò fi fọ́nrán òwú kan ju ara wọn lọ.

"Kọ́tìnì mi gún," ló wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀.

Ayẹ̀léwò gun àkàbà, ó gbé igi olómi lé orí ọ̀pá fèrèsé. Hóró afẹ́fẹ́ inú omi náà dúró láàárín gbọingbọin. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé ilẹ̀. Hóró afẹ́fẹ́ náà sá lọ sí ìpẹ̀kun bí eku tó rí ológbò. Ó kúnlẹ̀ ní igun ọ̀tún, ó ká rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti là láti ògiri dé àárín yàrá, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì tuntun dí i. Ẹ̀bá sìmẹ́ńtì tuntun náà ti ń là pẹ̀lú.

"Bàbá," ló pe Tíṣà, "kí ló wà níbí kẹ́ ẹ tó kọ́ yàrá yìí kún ilé?"

Tíṣà wo òkè àjà. Ó wúkọ́. "Kòtò kan wà níbẹ̀ nígbà kan. A dí i."

"Kí lẹ fi dí i?"

"Ohun tó wà nílẹ̀ náà ni. Àlòkù. Tábìlì àtijọ́ ilé ìwé wa tí àwọn ọmọ ti dá lẹ́sẹ̀."

"Igi ni ẹ kọ́ ilé lé lórí," ni ayẹ̀léwò wí, "igi tó ti jẹrà."

"Ogún ọdún ni mo fi sùn níbẹ̀! Ṣé ó wó lù mí ni?"

Ìyàwó Ojúlòṣùwọ̀n ló dá a lóhùn. "Báwọn aláìsàn wa náà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, sà. 'Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, kò sì pa mí.' Káàdì wọn wà lọ́dọ̀ mi."

Ọjọ́ kejì ìyẹn ni ìwé ayẹ̀léwò dé. Orí àtẹ̀gùn ni Ojúlòṣùwọ̀n ti kà á, lórí ìdúró. Ayẹ̀léwò kọ ohun rere nípa òrùlé àti omi, ó sì wá kọ ọ́ pé igun ẹ̀yìn ilé náà ṣì ń wọlẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn sí yàrá náà títí wọn yóò fi hú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde kí wọ́n sì tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ lọ bá Tíṣà. Tíṣà ní òun kò hú nǹkan kan, ẹni tó bá fẹ́ kó rà á bó ṣe wà.

"Tí a bá ti yàrá yẹn pa ńkọ́?" ni Ojúlòṣùwọ̀n bèèrè. Ó ń rìn láti ẹ̀rọ lọ sí fèrèsé, láti fèrèsé sí ẹ̀rọ. "Ká má débẹ̀ rárá."

"Ògiri tó ń wọlẹ̀ kì í dá lọ, ó máa fa èkejì lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbé aṣọ tó ti gbó wá fún yín, ṣé ẹ máa rán an?"

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn, kò rán nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Mi ò rà á mọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí agẹrun kó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ojúlòṣùwọ̀n sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà.

"Ṣé ẹ̀ ń wọn àtẹ̀gùn ni?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ìgbà náà ló tó sọ̀ délẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun, funfun dé ìgúnpá. "Ṣé ẹ ti kẹ́rù tán?"

"Ọ̀gá onílé, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ibi tó o dúró sí yìí lo ti ní ìyẹ̀fun mi ń fún aṣọ ẹ ní ewú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"O ní mò ń yan ẹ́ bí búrẹ́dì."

"Mo sọ ọ́."

"O ní mò ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí pákó ilẹ̀ ń mì."

"Ìyẹn nìkan ni mi ò sọ. Ìyàwó ẹ ló sọ ìyẹn."

Oníbúrẹ́dì fẹ́ le ojú, ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó nu ọwọ́. "Agẹrun ti gba yàrá iwájú, mi ò lè yẹ àdéhùn. Ti ẹ̀yìn ni mo lè bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀, èyí tó wà lórí ààrò gan-an. Oṣù mẹ́ta péré."

"Mo gbà á."

Wọ́n kó yàrá méjì sínú ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ bá ibùsùn fẹnu kanra. Ojúlòṣùwọ̀n gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́. Ó gbé e padà, kò rí ojú abẹ́rẹ́. Ó ń gbé e kiri báyìí ní Ọjọ́rú nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní ẹnì kan sọ fún òun nípa ilé kan tí wọ́n ń tà nítòsí ilé ìwòsàn, pé àwọn lè lọ wò ó ní Sátidé.

Kó tó pe Sátidé tán, ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Olówó orí mi! Ẹ padà! Ẹ ò tíì mọ ibẹ̀!"

"Ilé kọ́ ni mò ń lọ," ni Ojúlòṣùwọ̀n pariwo láti ìsàlẹ̀, ó ń wá ibi tó bọ́ bàtà sí. "Ayẹ̀léwò ni mò ń lọ bá. Kí ẹlòmíì má lọ gba Sátidé mọ́ wa lọ́wọ́."