Ọjọ́ Tí Pèrègún Fò Kọjá Odò

Òórùn gàrí ni ọ́fíìsì mi n'Ígbó-Ọrà máa ń run láti àárọ̀ títí dọ̀sán, nítorí pé ẹ̀yìn ògiri wa gan-an ni àwọn tó ń yan gàrí wà. Bí ooru agbada wọn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, tábìlì mi á funfun fún ìyẹ̀fun, èmi á sì máa nu kọ̀ǹpútà bí ẹni ń nu ojú ọmọ jòjòló. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo ń ṣe, oko àwọn àgbẹ̀ ni mo sì ń wọ̀n jù nígbà náà, láti Ìdèrè dé Èrúwà.

Opó kan láti Ìdèrè wà lára àwọn oníbàárà mi. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ẹni tó bá wọn pààlà ní òun ló ni ibi tí ẹ̀gẹ́ ìyá náà wà létí odò. Ìdílé méjèèjì wá gbà pé kí n ya máàpù oko náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú baálé, kí ìlà tó bá wà lórí ìwé náà sì jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Olóògbé ti fi ìwé ìwọnlẹ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀. Mo bá tọ̀túntòsì rìn yí oko náà ká, a sì bá pèrègún tí àwọn baba wọn gbìn sí oríkèé ààlà, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Ó ku kí n gbé nọ́ńbà inú ìwé náà, tó ń sọ ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà, sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rẹ́, o mọ̀ mí, n kì í rí ohun tuntun kí n mójú kúrò. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọn yóò fọwọ́ síwèé, mo lọ gbé ẹ̀dà tuntun ètò tí mo fi ń ya máàpù sórí ẹ̀rọ, mo sì pa ti àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè gbà mí. Mo ti fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python kọ iṣẹ́ kékeré kan tó ń yí nọ́ńbà ìwọnlẹ̀ àtijọ́ padà sí ti sátẹ́láìtì. Bí mo ṣe ní kó ṣiṣẹ́, ó ní òun kò rí irinṣẹ́ òun. Mo gbé irinṣẹ́ náà sí i, ẹ̀rọ ní ó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tún rán an níṣẹ́, ó tún ní òun kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo pòṣé, mo ní ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ìgbà tí mo wo inú ẹ̀rọ fínnífínní ni mo rí i pé Python méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tí mo ti gbé síbẹ̀ tipẹ́, ọ̀kan tó bá ètò tuntun wọlé. Èyí tí mo ń bọ́ kọ́ ni mo ń rán lóko. Mo gbé irinṣẹ́ fún èyí tó yẹ, iṣẹ́ lọ, máàpù jáde, ó dùn-ún wò.

Bẹ́ẹ̀ ni opó náà wọlé láti wá wò ó. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ odò rẹ̀ nínú àwòrán sátẹ́láìtì tó wà lábẹ́ máàpù náà. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí:

"Ìyá Dáre, pèrègún etí odò dà níbẹ̀?"

Mo fi ìka tọ́ka sí i. "Òun rè é, Màmá."

"Ọ̀hún kẹ̀? Mi ò kì í la odò kí n tó kan pèrègún yẹn o."

Ó ti wà lẹ́nu mi láti sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí bàtà mi. Lọ́jọ́ tí a jọ rìn dé ìdí igi yẹn, bàtà mi kò tutù. Mo tún tẹjú mọ́ máàpù náà. Gbogbo ààlà ti ṣí nípò, ẹ̀gẹ́ ìyá náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bá a jà.

Mo ní kí ìyá náà jókòó díẹ̀. Nígbà tí mo wá a débi tó yẹ, mo rí i pé ètò àtijọ́ tí mo pa rẹ́ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Àdírẹ́sì yẹn ni Python tuntun tẹ̀ lé lọ wá fáìlì tí a fi ń yí nọ́ńbà padà. Ó bá ilé lófìfo, kò pariwo, ó kàn ya ìlà lọ láìyí nọ́ńbà padà dáadáa. Mo pa àdírẹ́sì náà rẹ́, mo ní kó tún un ṣe, pèrègún sì padà sí ẹ̀gbẹ́ odò tó yẹ ẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá náà wí, "ibẹ̀ náà nìyẹn."

Ó rò pé n kò tíì yà á tán nígbà tí òun dé ni. N kò sì là á yé e. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe ibi láìmọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọwọ́ síwèé, ìyá náà sì wa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbó. Láti ìgbà náà, àṣìṣe tó bá pariwo kò bà mí lẹ́rù mọ́, nítorí ó ń pè mí ni. Èyí tó dákẹ́, tó tún dára lójú, ni mo ń bẹ̀rù, pàápàá bí ẹni tó kàn bá jẹ́ ẹni tí kò lè ka ìwé tí mo gbé fún un. Wọ́n ti ṣàdúrà púpọ̀ fún mi láyé. Èyí tí ìyá yẹn ṣe nìkan ni mo ṣe àmín sí tí n kò lè gbójú sókè.