Ta Ní Ń Bọ́ Bàbá Mi?

Nígbà tí bàbá mi ti Kùmásì padà dé sọ́dọ̀ mi ní Mọ́níyà, ojú ọ̀tún wọn ti fọ́, awọ funfun sì ti ń bo ti òsì. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ti òsì á ríran. Owó oṣù mi kò lè gbé iṣẹ́ abẹ kankan. Mo tọ ẹgbẹ́ àdúgbò tó máa ń tọ́jú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣàìsàn lọ. Wọ́n ní àjọ téèyàn ò bá wọn dá, kò lè bá wọn kó. Òótọ́ ni. Kùmásì ni bàbá mi dá tiwọn sí láti ìgbà èwe wọn.

Ó wá ku ibi iṣẹ́ mi. Ìyàwó àti ọmọ òṣìṣẹ́ ló ń gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn wa, ṣùgbọ́n wọ́n á gba òbí náà, bí òbí bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun ló ń bọ́ òun. Kí ló tún ṣòro níbẹ̀? Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ síbẹ̀, mo kọ́ Bàbá lóhun tí wọ́n máa sọ.

"Ẹ ṣáà ní èmi ni, Bàbá."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ orúkọ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bàbá, ta ní ń bọ́ yín?"

"Ọlọ́run ni."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Lẹ́yìn Ọlọ́run ńkọ́?"

"Apá mi."

Mo rọra fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n kọjú sí mi.

"Kí lò ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ sí? Èmi tí mo bọ́ ọ dàgbà, kí n wá sọ níwájú ọmọ ọlọ́mọ pé ìwọ lo wá ń bọ́ mi?"

Àwọn tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ohun tó gbọ́. Mo fi ìbínú mú wọn lọ sílé.

Mo padà lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ẹnu Bàbá làwọn ti gbọ́ ọ. Mo bẹ Bàbá pé ká jọ padà lọ, wọ́n ní àwọn ò lè tìtorí ojú di ọmọdé lọ́wọ́ ọmọ àwọn. Agídí! Ta ni kí n bínú sí, ẹni tó ṣòfin ni àbí ẹni tó bí mi? Àwọn méjèèjì ni mo bínú sí, mo ṣì ń bínú dòní.

Kí àgbàdo ọdún náà tó gbó, ojú òsì náà ti fọ́. Láti ìgbà náà, bí oúnjẹ bá délẹ̀, èmi ni mo ń di ọwọ́ wọn mú dé inú àwo: ọbẹ̀ rèé, ẹran rèé. Wọ́n á wá ẹran náà kàn, wọ́n á fà á ya sí méjì, wọ́n á sì na ìdajì síbi tí wọ́n bá ti gbóhùn mi.

"Gbà, jẹun," ni wọ́n máa ń wí.