Ọwọ́ Aránṣọ Nínú Ẹ́ńjìnnì

Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti mú Bàbá Ẹ́ńjìnnì ní apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ló máa ń jókòó sí, kí ó lè máa wo ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Òun ni wọ́n fi gbé ọmọ wọn obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wá sílé láti ilé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n sì fi gbé e lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n kí àìsàn tó dé ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń jò. Omi inú rédíétọ̀ máa ń gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ibi tó ń kán sí, èéfín funfun ń tú jáde nídìí ọkọ̀, nígbà tí wọ́n sì yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n bu wàrà sí. Bàbá Ẹ́ńjìnnì mọ ohun tó fà á. Mẹkáníìkì ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní bí ọwọ́ òun bá ti dilẹ̀ báyìí, òun á tú u. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí ọwọ́ dilẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wá dilẹ̀, ó dilẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, àgékù aṣọ kún abẹ́ tábìlì. Kò wa ọkọ̀ rí, kò sì di sípánà mú rí àfi tó bá fẹ́ gbé e kúrò lórí àga kí ó tó jókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé tíì wá fún ọkọ rẹ̀, ó sì bá a tó ń sunkún láìpariwo.

“Kí ló dé, bàbá?”

“Ẹni tó ń ra irin àtijọ́ ló kọjá.” Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. “Ó bi mí bóyá mo fẹ́ tà á. Kò tiẹ̀ pè é ní ọkọ̀. Ó ní ‘irin yìí’.”

Obìnrin náà gbé tíì sílẹ̀. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń tú u fún mi.”

“Ìwọ kẹ̀?”

“Ta ló tún wà nílé? Ẹ fi ẹnu yín ṣe mẹkáníìkì, kí èmi fi ọwọ́ ṣe é.”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà dé. “Aránṣọ, má wá rán ẹ́ńjìnnì mi mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì o.”

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ tán, tí oòrùn kò tíì mú, obìnrin náà á sán aṣọ àtijọ́ kan mọ́dìí, á gbé àga ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ọkọ̀. Ó tú wáyà bátìrì. Ó da omi rédíétọ̀ sínú bàsíà. Ó tú rọ́bà, ó tú páìpù, ohunkóhun tó bá sì tú, á fi àgékù aṣọ dì í, á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ sára rẹ̀: òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò rí mẹkáníìkì tó ń fi aṣọ wé irin bí ẹ̀bùn rí. Nígbà míì wọ́n á jà.

“Mo ní òsì, o ń yí i sí ọ̀tún.”

“Òsì tiyín àbí òsì tèmi? Ẹ kọjú sí mi, bàbá.”

Ọkùnrin náà á kọjú sí i, á ní, “Òsì tìrẹ ni.”

Wọn kò jọ jókòó pẹ́ tó báyìí rí. Ní gbogbo ọdún tí ara fi le, kùtùkùtù ni ọkùnrin náà ń jáde, ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó dé, á jẹun, á sùn. Ní báyìí, tí ilẹ̀ bá mọ́, inú obìnrin náà a máa dùn. Tó bá sì wá rántí ohun tó mú kí ìdùnnú náà wà, ọkàn rẹ̀ a bàjẹ́.

Irin ńlá tó bo ẹ́ńjìnnì lórí bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, ni wọ́n fẹ́ ṣí. Gáskẹ́ẹ̀tì wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì, ó pẹlẹbẹ bíi páálí.

“Tí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti jó,” ọkọ rẹ̀ ní, “omi á rọ́nà wọ inú ọ́ìlì.”

“Ó yé mi. Bí aṣọ tí a fi ń tẹ́ inú kóòtù ni. Tí ti inú bá ti fàya, ti òde kò ní jókòó dáadáa mọ́.”

Ó tú àwọn bóòtù tó de tọ́ọ̀pù mọ́ ẹ́ńjìnnì láti etí wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe wí. Àwọn kan le débi pé ó ní láti fi gbogbo ara tẹ sípánà. Nígbà tó ku kí wọ́n gbé irin náà kúrò, ó ní òun fẹ́ pe rẹ́wáyà, aládùúgbò wọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kó wá bá òun gbé e.

“Ọwọ́ òsì mi ṣì wà,” ọkọ rẹ̀ ní.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pè é.”

“Mo ti ń gbé tọ́ọ̀pù kí n tó mọ̀ ẹ́. Fà mí dìde.”

Obìnrin náà mọ̀ pé kò yẹ kí òun gbà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ ṣe wò ó, kò lè sọ pé rárá. Ó fà á dìde, ó jẹ́ kó fara ti ọkọ̀. Wọ́n jọ gbé irin náà, ó ṣí, wọ́n gbé e kọjá etí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni orúnkún ọ̀tún ọkùnrin náà ti yẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó jọ̀wọ́ irin sílẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ mú. Irin náà fi igun kan balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tó ti gbé e jókòó tán, ó yí irin náà padà. Igun rẹ̀ ti sán. Ìlà tóóró kan gbéra láti ibẹ̀, ó sì wọ inú ihò tí omi ń gbà kọjá.

“Ṣé wọ́n lè jó o pọ̀?”

Ọkùnrin náà mi orí. “Gbé mi wọlé.”

Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sétí ibùsùn, ó bá a ṣeré títí, ó ní irin lásán ni, irin kò wọ́n láyé.

“Ò bá ti jẹ́ kí n ṣubú,” ni ọkọ rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn.

“Kí n jẹ́ kí ẹ ṣubú nítorí irin?”

“N ò ju tọ́ọ̀pù oníbàárà kankan sílẹ̀ rí. Tèmi ni mo wá jù sílẹ̀.”

Obìnrin náà fa aṣọ bò ó. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí tó fi sùn.

Ọmọ wọn bá wọn wá tọ́ọ̀pù àlòkù kan, ó ní kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Kó tó dé, ẹ̀gbà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gba ohùn. Nígbà tí ọmọ náà gbé irin náà wá, tó rí bàbá rẹ̀, ó fa ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ máa tọ́jú wọn.”

“Mò ń tọ́jú wọn. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ń wò látàárọ̀?”

Ọmọ náà yíjú wo ẹ̀yìn ilé, ó sì gbé irin náà lọ síbẹ̀.

Obìnrin náà gbé àga ọkọ rẹ̀ padà sídìí ọkọ̀. Ó fọ ojú ẹ́ńjìnnì títí tó fi ń dán. Ó mú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, ó tẹ́ ẹ sí i. Ó wo ọkọ rẹ̀: ọkùnrin náà la ojú kalẹ̀, kò ṣẹ́jú, iwájú orí rẹ̀ kájọ. Ó yọ gáskẹ́ẹ̀tì náà, ó dojú rẹ̀ dé. Ihò bọ́ sórí ihò. Ọkọ rẹ̀ sì dijú pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá,” ni obìnrin náà wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Rẹ́wáyà bá a gbé tọ́ọ̀pù lé e, ó sì lọ. Obìnrin náà ń fún bóòtù láti àárín lọ sí etí, á fún gbogbo wọn díẹ̀, á tún padà sí àárín. Kó tó kan èyíkéyìí, á nàka sí i, á wo ojú ọkọ rẹ̀, kó tó fún un. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Ó ń tú àwọn àgékù aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ohun tó kọ, ó ń dá nǹkan padà sáyè rẹ̀. Ó da ọ́ìlì tuntun, ó rọ omi.

Lẹ́yìn náà ó jókòó sí àga awakọ̀, ibi tí kò jókòó sí rí, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún yí i, ẹ́ńjìnnì sì gbà. Èéfín funfun jáde fúngbà díẹ̀, ó sì tán. Obìnrin náà sáré bọ́ọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ lé ara ọkọ̀. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ pa ẹ́ńjìnnì, ó rí i pé àwọn ìka náà ń gbìyànjú láti dì mọ́ irin, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí tí epo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Oṣù náà kò tán tí Bàbá Ẹ́ńjìnnì fi kú, lójú oorun.

Nígbà tí gbogbo ètò ìsìnkú parí, ọmọ wọn àti ọkọ rẹ̀ wá gbé ọkọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa wà á nílé. Ọkọ ọmọ yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́tí sí i díẹ̀.

“Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ń dún dáadáa o. Ta ló bá yín tún un ṣe?”

“Bàbá yín ni.”

Ọmọ rẹ̀ yíjú sí i, ó sì gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Obìnrin náà dúró títí tí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá iwájú. Aṣọ oníbàárà kan tó yẹ kó ti parí wà lórí ẹ̀rọ. Ó jókòó tì í, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kò sì rán nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú.