Ọ̀sẹ̀ Tí Ìlú Wa Kún

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ bí mo bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Sábóńgàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní France Road, ó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ tó máa ń lọ rà ní ọjà Singer. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì jẹun tán, àgbàlá ilé wa ni àwọn ará ìlú bàbá mi tó wà ní Kánò ti máa ń ṣèpàdé. Kí wọ́n tó dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ to àwa ọmọ wọn síwájú, wọ́n á sì máa bi wá léèrè nípa ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fojú rí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, bàbá aránṣọ kan tí kì í yára rẹ́rìn-ín, ló máa ń béèrè. Ta ló tẹ ìlú wa dó? A ó dáhùn pé obìnrin méjì ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, amọ̀kòkò. Wọ́n wá wa amọ̀ létí odò, òjò rọ̀, odò kún, wọn kò rọ́nà padà sílé, ni wọ́n bá pàgọ́ síbẹ̀. Kí omi tó fà, amọ̀ ibẹ̀ ti wọ̀ wọ́n lójú. Àdúgbò mélòó la ní? Mẹ́ta ni: Òkè Ọjà, Ìsàlẹ̀ Amọ̀ àti Òdìkejì, èyí tí odò pín yà sọ́tọ̀, níbi tí ìyá bàbá mi ń gbé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó kàn mí. "Ìhà ibo lodò wa wà?"

Mo mọ̀ ọ́n pé ìlà-oòrùn ni, ṣùgbọ́n Hausa ló jáde lẹ́nu mi. "A gabas."

"Ẹ kú àbọ̀, Hàjíà," ni akọ̀wé wí. "Ṣé odò Kánò lẹ̀ ń júwe fún wa ni?"

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín dáadáa, nítorí kì í ṣe ìtìjú nìkan ló mú mi. Nílé ìwé, "bàkúwa" làwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, èyí ni pé àlejò ni mí. Nígbà tí mo sì délé, láàárín àwọn tí mo rò pé èmi ni tiwọn, Hàjíà ni mí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn méjèèjì nígbà tí mo dúró sáàárín.

Ìpàdé yẹn náà ni akọ̀wé ti kéde pé ìjọba fẹ́ kànìyàn. Ó ní kí olúkúlùkù kó ìdílé rẹ̀ relé, kí wọ́n lọ kà á níbẹ̀. "Bí òjò bá dé, àwọn ará Òdìkejì kì í lè sọdá láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ ká tọrọ afárá. Àmọ́ ìlú tí kò lénìyàn, ta ló máa ṣe afárá fún un?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ rélùwéè lọ sí Ọ̀ffà, tí a sì ti ibẹ̀ wọ lọ́rì. Ìlú kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ti Jọ́ọ̀sì dé, àwọn ti Èkó dé, ènìyàn ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Mo mọ ọ̀nà gbogbo láìbéèrè, nítorí mo ti kọ́ wọn sórí bíi Sáàmù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. "Ọmọ ta nìwọ?" ni wọ́n ń bi mí. Bí mo bá sọ orúkọ bàbá mi, wọ́n á tún ní, "Èwo nínú wọn?" Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, nítorí náà odò tí mo ti ń fọkàn rí bí òkun kò ju ohun tí mo lè ká aṣọ sókè kí n sì là kọjá.

Nígbà tí ẹni tó ń kànìyàn dé ọ̀dọ̀ wa, ó bi bàbá mi pé níbo ló ń gbé. Bàbá mi, tí kì í fi ọ̀pá sílẹ̀ bí a bá purọ́, dáhùn pé, "Ibí ni." Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètè rẹ̀ ń mì. Òun náà ń kà wá.

Kò pẹ́ tí lọ́rì fi kó àwọn tó wá láti ìdálẹ̀ padà lọ. Ibà dá bàbá mi dúró ni àwa fi ṣẹ́kù. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, èmi nìkan ni ọmọdé tó wà ní Òdìkejì. Ìyá àgbà ṣì ń se ọbẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbà pé wọ́n ti lọ.

"Ṣé wọ́n tún máa kà wá lámọ́dún?" ló bi mí.

Mo ní, "Rárá o, ìyá àgbà. Ó di lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún."

"Ìbá dáa kí wọ́n máa kà wá lọ́dọọdún."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ìjọba padà sọ pé àwọn kò gba iye tí wọ́n kà lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ wa ní tiwọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀ nípàdé. Mo ti ka jọ́gíráfì ní yunifásítì báyìí, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, n kò sì tíì ríṣẹ́. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ìwé kékeré kan nípa ìlú wa, ìtàn rẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí àti iye ènìyàn inú rẹ̀, kí wọ́n lè fi tọrọ afárá kan náà. Ìtàn kò ni mí lára. Ilẹ̀ àti odò kò ni mí lára. Iye ènìyàn ló dá mi dúró, ni mo bá relé lọ wò ó fúnra mi.

Òjò ti dé. Ilé tó wà ní títì ní Òkè Ọjà pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ. Odò kún, atukọ̀ tó máa ń gbé ènìyàn sọdá sì ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó. Mo dúró létí omi, mo ń ké pe ìyá àgbà títí ó fi jáde, tó fọwọ́ síjú.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?" ló ké sí mi láti òdìkejì.

"Èmi nìkan ni, ìyá àgbà."

Mo rò pé kò gbọ́, mo fẹ́ tún un wí.

"O ṣé é," ló sọ. "O ṣé tí o wá."

A kàn ń wo ara wa láti òdìkejì títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó wọlé. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe ẹkún. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá rántí lójijì pé ẹnì kan ti ń dúró de òun láti àárọ̀.

Nígbà tí mo padà dé Kánò, mo sọ ohun tí mo rí fún bàbá mi. Ó ní kí n kọ iye àtijọ́.

"Bàbá, a kò sí níbẹ̀."

"Níbo la wá wà? Níbí tí wọ́n ń pè wá lálejò? Kí wọ́n má kà wá níbí, kí wọ́n má kà wá níbẹ̀, ṣé a ti kú ni?"



Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ kì í tò síwájú ní ìpàdé mọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n nípa odò, pidgin ni wọ́n fi ń fèsì pé àwọn ò mọ̀. Àwọn tó kún lọ́rì lọ́jọ́sí, òmíràn ti kú, òmíràn ti kọ́lé sí Kánò. Ìyá àgbà ṣì wà ní Òdìkejì, ọjọ́ orí kò sì jẹ́ kó lè la omi mọ́, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ẹgbẹ́ fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bí mo bá kọ òótọ́, wọn kò ní ṣe afárá nítorí arúgbó díẹ̀. Bí mo bá kọ iye àtijọ́, mo ti kọ orúkọ ara mi mọ́ irọ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa ń wá tíṣà, ó sì ń wá sí mi lọ́kàn pé kí n gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ń bà mí, èmi tí ariwo Sábóńgàrí tọ́ dàgbà. Kí ni kí n kọ? Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni, ṣé kí n kọ́kọ́ kó ẹrù mi lọ ná, kí iye náà lè fi ẹnì kan pọ̀ sí i?