Ilé Mákindé Tó Wọ Inú Fóònù

Ìyá Kíkẹ́ ni gbogbo Ìtàjí ń pè é báyìí. Tinúọlá ni orúkọ ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Mákindé ni, torí Mákindé ni àkọ́bí. Àmọ́ látìgbà tí ọ̀kadà ti pa Mákindé lójú ọ̀nà Ìfàkì, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ yẹn sí i létí mọ́. Bí ẹnu èèyàn bá ṣì í, á yáa fi Kíkẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi jókòó síná, á fi gèlè tútù di imú, apá ọ̀tún ẹ̀ sì dúdú ju tòsì lọ nítorí ooru agbada. Gàrí ẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra, kì í jóná. Àwọn tó ń tà á n'Ìkọ̀lé máa ń béèrè tiẹ̀ kí wọ́n tó béèrè tèmi, kò sì dùn mí jù.

Fóònù mi la fi ń lé oorun. A ò fẹ́ràn fíìmù tí wọ́n ti ń pariwo. Ilé ahoro la máa ń wò: ọsibítù ìlú òyìnbó tí igi ti hù gba àárín bẹ́ẹ̀dì kọjá, òtẹ́ẹ̀lì tí abọ́ ṣì wà lórí tábìlì tí eruku sì ti bo oúnjẹ. Òmíràn wà tí kò lórí tí kò nídìí. Ẹnì kan á máa rìn láti ògiri dé ògiri, omi á máa kán tó, tó, tó, ó parí nìyẹn. Mo ní fíìmù àwọn wèrè tó kàwé ni. Ìyá Kíkẹ́ á ní kí n dákẹ́ ká wò ó. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí ṣáá: àwọn onílé ńkọ́, níbo ni wọ́n wà?

Mákindé náà kọ́lé kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ààyè. Búlọ́ọ̀kù ti dé ibi òrùlé kó tó kú. Igbó ti gbà á. Àwọn ẹbí sọ fún ìyá ẹ̀ pé kó má débẹ̀, pé ejò pọ̀, kò sì débẹ̀. Kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí pẹ̀lú. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Bó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, wọ́n ní ọmọ mìíràn lè tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀ n'Ìkọ̀lé ni wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin ilé sì ṣe é tán. Nítorí Kíkẹ́lọmọ, ọmọ kan tó kù fún un, kò béèrè. Àmọ́ bá a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó ọkọ ẹ̀, mo máa ń rí i tó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú, iná ò jó dáadáa. Fóònù wà lọ́wọ́ Ìyá Kíkẹ́. Fíìmù tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé Ọ̀yẹ́ nítòsí wa yà ló yọ, kò ní àwọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló ń lọ: ewé ń fò kúrò nílẹ̀ padà sórí igi, ọmọbìnrin kan tó ró aṣọ funfun ń fẹ̀yìn rìn. Wọ́n dorí ilé kodò, yàrá kan ń yọ́ wọnú èkejì.

Ó ní, "Ulé Mákindé rèé."

Mo ní irọ́ ni. Ó tọ́ka sí fèrèsé róbótó. Mákindé nìkan ló ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo Ìtàjí, bíríkìlà ráhùn títí. Bá a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fíìmù sún mọ́ ilẹ̀ yàrá kan. Sìmẹ́ńtì gbọọrọ kan wà níbẹ̀, wọ́n fi ìṣó kọ nǹkan sí i. Ìyá Kíkẹ́ dorí fóònù kodò kó lè rí i kà. Ó kà á jáde lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé orúkọ ọmọ ẹ̀. Gàrí ẹ̀ jóná lọ́jọ́ náà, òórùn ẹ̀ ló pe àwọn aládùúgbò.

Kó tó di alẹ́, Bàbá Oyèbánjí, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, ti dé. Òun ló ṣáájú àwọn tó sìnkú. Ó ní irọ́ lásán ni gbogbo ohun tó ń jáde nínú fóònù. Ìyá Kíkẹ́ bi í bóyá inú ilé yẹn ni wọ́n sin ín sí.

Bàbá Oyèbánjí ní, "Ìyàwó, oyún ń bẹ nínú Kíkẹ́lọmọ. Má fẹsẹ̀ rẹ pa á."

"Mo ti rí i ná, Bàbá. Ojú mi ti ṣáájú ẹsẹ̀ débẹ̀."

Kíkẹ́ pè láti Ìbàdàn, ó ń sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun bímọ ná. Ó gbà. Ó dúró. Kò tún wo ilé ahoro kankan pẹ̀lú mi mọ́. Kíkẹ́ bí ọmọbìnrin, ìyá ẹ̀ lọ wẹ ọmọ fún un, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ó sì padà wálé. Ló bá ní kí n sin òun lọ sílé Mákindé.

Bàbá Oyèbánjí ò kúkú fi àkókò yẹn ṣeré. A bá a pé wọ́n ti wó sìmẹ́ńtì náà kó dànù. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ gbogbo yàrá, wọ́n da erùpẹ̀ pupa sí i, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ìkan ò yàtọ̀ síkan. Mo ṣí fíìmù náà. A wò ó, a dorí ẹ̀ kodò, a tún un wò. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun yẹn ń jáde nínú yàrá kan bọ́ sínú òmíràn láì gba ẹnu ọ̀nà. A ò lè mọ yàrá wo ni sìmẹ́ńtì náà ti wà.

Ìyá Kíkẹ́ dá fóònù mi padà. Ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá tó wà lọ́wọ́ iwájú, ó kúnlẹ̀, ó pe oríkì ọmọ ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Àrẹ̀mú, ṣé ibí ni?"

Ó dìde, ó wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Kò fo ìkankan.